Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́fà Létí Great Salt Lake, Níbi Tí Ẹyin Artemia Ti Ń Wá

28 Oṣù Kẹsàn-án. Èbúté apá gúúsù

Ẹni tó bá ti sin ọmọ ẹja àrọ̀ rí n'Íbàdàn, n'Íjẹ̀bú tàbí l'Ẹ́pẹ́ mọ agolo Artemia dáadáa, ẹyin edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀ tí wọ́n ń pa kí ọmọ ẹja lè rí oúnjẹ jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú agolo yẹn ló kọ orúkọ adágún yìí sára: Great Salt Lake, ní ìpínlẹ̀ Utah, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ẹyin Artemia tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, ojú omi yìí ni wọ́n ti ń kó o. Adágún náà sì ti ń fà sẹ́yìn láti ọdún pípẹ́.

A bẹ̀rẹ̀ ní èbúté Great Salt Lake State Park, tí kò tó 20 máìlì sí ìlú Salt Lake City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà I-80. Ohun tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò níbẹ̀ ni ìwọ̀n ojú omi tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, ń kà, tí wọ́n sì ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í sọ bí omi ṣe jìn tó. Ohun tó ń sọ ni bí ojú omi ṣe ga tó lókè ìtẹ́jú òkun, ní ẹsẹ̀ bàtà. Ìpíndọ́gba ìgbà pípẹ́ jẹ́ nǹkan bí 4,200. Ní 1986 àti 1987 omi kún kọjá 4,211. Ní 1963 ó lọ sílẹ̀ dé 4,191.35, gbogbo èèyàn sì rò pé kò lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ní Oṣù Keje 2021 ó já wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, nígbà tó fi máa di Oṣù Kọkànlá 2022 ó ti dé 4,188.5. Ibi tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà sí ara líle fún adágún náà ni láti 4,198 sí 4,205.

Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá tàbí méjìlá lè dà bí nǹkan kékeré létí ẹni tó mọ kànga. Àmọ́ adágún yìí kì í ṣe kànga, àwo pẹrẹsẹ ni. Nígbà tí ojú omi bá wà ní 4,200, ibi tó jìn jù kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 33 lọ, bẹ́ẹ̀ ni fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 1,700 máìlì níbùú lóròó. Nígbà tó fi máa di 2021, ohun tó kù kò tó 1,000. Ẹsẹ̀ bàtà kan tó bá lọ lókè, ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó yọ létí omi lè gba máìlì kan ìrìn. Ní èbúté yìí, kéréènì ni wọ́n fi gbé àwọn ọkọ̀ onígbòòkùn jáde nígbà náà, torí egungun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti ń gbá ẹrẹ̀.

Ìwọ̀n iyọ̀. Awò kékeré tí àwọn olówò ẹja inú gíláàsì fi ń wo iyọ̀ kò wúlò níbí. Omi òkun ni wọ́n ṣe é fún. Púpọ̀ nínú wọn parí sí gíráàmù 100 nínú lítà kan, iyọ̀ ibí sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí kì í tannijẹ ni òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ẹ wá ìgò tó gba lítà kan géérégé, ẹ wọ̀n ọ́n lófìfo, ẹ bu omi adágún kún un dé ojú àmì, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n. Omi òjò á wọn gíráàmù 1,000; omi òkun, nǹkan bí 1,025; omi tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 14 nínú 100, nǹkan bí 1,100; omi apá àríwá tí a máa dé lọ́jọ́ karùn-ún, nǹkan bí 1,200.

Ohun tó máa ń ba ìwọ̀n yìí jẹ́: bíbu omi létí gan-an, níbi tí oòrùn ti mu ún (ẹ rìn wọnú omi dé orúnkún kí ẹ tó bù ú), omi gbígbóná, tí kì í wúwo tó omi tútù (ẹ gbé ìgò síbi òjìji títí yóò fi rọlẹ̀ sí nǹkan bí 20°C), iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ara ìgò látàná, àti àwọn edé fúnra wọn, tí ó yẹ kí ẹ fi aṣọ sẹ́ kúrò.

Atẹ́gùn náà ní tirẹ̀. Bí atẹ́gùn gúúsù bá fẹ́ fún wákàtí mélòó kan, á ti omi lọ sí àríwá, ojú omi èbúté á sì lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan kúrò nínú adágún. Tó bá dáwọ́ dúró, omi á máa lọ, á máa bọ̀, bí omi inú ọpọ́n tí èèyàn ń rù. Àlọ àti àbọ̀ kan ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà ìpíndọ́gba odindi ọjọ́ ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹni tó kọ ohun tó rí lágogo kan ní ọjọ́ atẹ́gùn kò kọ nǹkan kan.

29 Oṣù Kẹsàn-án. Antelope Island

Láti ìlú Syracuse, ọ̀nà máìlì méje kan gba orí omi lọ sí erékùṣù yìí. Orí omi ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ẹrẹ̀ gbígbẹ ló wà lọ́tùn-ún lósì. Òun ló tóbi jù nínú àwọn erékùṣù adágún náà. Àwọn ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ìran àwọn méjìlá tí wọ́n kó débẹ̀ ní 1893. Àwọn àlejò máa ń torí ẹfọ̀n wá, wọn kì í wo ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀.

Yanrìn ibí kì í ṣe yanrìn odò. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ wò ó dáadáa: gbogbo hóró rẹ̀ ló rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Nǹkan kékeré kan ló wà láàárín hóró kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ èérún òkúta, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ edé, tí ẹfun inú omi wá ń bò lábala lábala bí ìgbì ṣe ń yí i. Inú omi aláìjìn nìkan ló ti lè dàgbà. Èyí tó ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ti parí tirẹ̀.

Ní Bridger Bay, ẹ rìn lọ síbi tí omi ti fà sẹ́yìn, ẹ ó bá àwọn òkìtì òkúta funfun tó dà bí orí olú ńlá. Kì í ṣe òkúta tó dédé wà. Kòkòrò àìfojúrí tó ní àwọ̀ ewé, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko, ni wọ́n mọ ọ́n sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó wà lábẹ́ omi, tó ṣì wà láàyè, dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Èyí tí omi fi sílẹ̀ á funfun bí eegun. Ẹ má tẹ̀ wọ́n, kódà èyí tó ti funfun, torí pé bí omi bá padà tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ jù, àwọ̀ ewé lè bẹ̀rẹ̀ sí í padà lára wọn láàárín oṣù díẹ̀. Èyí tí bàtà bá ti fọ́ kò ní ibi tí nǹkan yóò dì mọ́ mọ́.

Eṣinṣin tó ń gbé etí omi yìí kì í buni jẹ, kì í wọnú ilé, oúnjẹ yín kò sì kàn án. Abẹ́ omi ni ìdin rẹ̀ ti ń jẹ ohun tó hù lára àwọn òkìtì yẹn, ara òkìtì náà ló sì ń dì mọ́ nígbà tó bá fẹ́ para dà. Nítorí náà, nígbà tí ojú omi já sí 4,188.5, nǹkan méjì ló kọlu eṣinṣin lẹ́ẹ̀kan náà: apá púpọ̀ nínú òkìtì tí ìdin ń gbé yọ sókè gbẹ, iyọ̀ inú omi tó kù sì lọ sókè dé nǹkan bí ìdá 19 nínú 100. Ní 2022 yẹn, etí omi tó máa ń dúdú fún eṣinṣin dákẹ́. Àwọn ẹyẹ tó ń sáré la ẹnu gba àárín wọn kọjá, àwọn ẹyẹ etí òkun ni pàtàkì, kò rí nǹkan là á sí. Wilson's phalarope, ẹyẹ kékeré kan tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo irú rẹ̀ láyé máa ń dúró jẹun níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó fò lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, eṣinṣin yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń di ẹrù ọ̀nà. Wọ́n ti kọjá lọ ká tó dé.

Ohun tí ẹ ó mú lọ: omi mímu lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bàtà tó lè rẹ, aṣọ ìnura àti gálọ́ọ̀nù omi láti fi ṣan ẹsẹ̀. Iyọ̀ á gbẹ mọ́ awọ ara kíákíá, ojú egbò tó bá wọ̀ á ta èèyàn bí ata.

30 Oṣù Kẹsàn-án. Odò Bear

Ìṣirò adágún yìí kò yàtọ̀ sí ìṣirò àjọ. Odò mẹ́ta ló ń dá a: Bear, Weber àti Jordan, pẹ̀lú òjò àti yìnyín tó bá rọ̀ sójú omi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó o, oòrùn. Kò sí odò kankan tó jáde nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi kún un. Bí àwọn tó ń dá àjọ bá dín owó kù, tí ẹni tó ń kó o kò sì dín tirẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Bear ló tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣẹ̀ lórí òkè Uinta, ó gba Wyoming àti Idaho, ó tún padà sí Utah, kó tó wọ adágún níbi tí kò ju nǹkan bí 90 máìlì lọ sí orísun rẹ̀. Ní gbogbo ìyípo yẹn ni wọ́n ti ń fa omi rẹ̀. Nínú gbogbo omi tí èèyàn ń gbà lọ́wọ́ adágún náà, láàárín ìdá méjì nínú mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ń lọ sí oko, púpọ̀ rẹ̀ sí alfalfa àti koríko mìíràn tí màlúù ń jẹ. Ìlú ńlá, àwọn tó ń bomi rin koríko iwájú ilé, àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi oòrùn gbẹ omi adágún kí wọ́n lè kó iyọ̀, potash àti magnesium ló pín ìyókù. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Utah tẹ̀ jáde ní 2017 ṣírò rẹ̀ pé, bí èèyàn kò bá fa omi rárá láti ìgbà tí àwọn ẹlẹ́sìn Mormon ti dó síbẹ̀ ní 1847, ojú omi ì bá fi ẹsẹ̀ bàtà 11 ga ju bó ṣe wà nígbà náà lọ. Àwọn àgbà wa ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Èyí kò gbàgbé, orísun ni wọ́n yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀dá wà lóòótọ́, ooru sì ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀dá wà nígbà àtijọ́ náà, adágún sì máa ń padà kún.

Àtúnṣe tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi sóko láìfi ṣòfò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ń da omi sóko bí àgbàrá, èyí tí ewéko kò mu á sun padà sínú odò, ẹni ìsàlẹ̀ á lò ó, èyí tó kù á dé adágún. Bó bá wá ra ẹ̀rọ tí kì í fi omi ṣòfò, tó sì fi omi tó ṣẹ́ kù gbin ilẹ̀ sí i, ewéko mu gbogbo rẹ̀ tán, adágún pàdánù kódà èyí tó ń sun wá tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dá omi padà ni kí ewéko tó ń mu omi dín kù: kí wọ́n gé alfalfa lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún dípò ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n sì ti ẹnu ìfàmi pa títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí.

Òfin náà tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ fa omi ló ni ín, ẹni tí kò bá lò ó lè pàdánù rẹ̀. Adágún kò fa omi lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí, nítorí náà kò ní nǹkan kan níwájú òfin. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 gba àgbẹ̀ láyè láti yá adágún ní omi láì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì ya mílíọ̀nù 40 dọ́là sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí ìwé ó dára. Lójú odò, omi tí ẹni òkè fi sílẹ̀ ń kọjá níwájú ẹnu ìfàmi àwọn mìíràn, bí kò bá sì sí ìwọ̀n ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ó dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀sán la dé Bear River Migratory Bird Refuge, nítòsí Brigham City, ibi ààbò ẹyẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928. Ọ̀nà ọkọ̀ tó yí i ká jẹ́ máìlì 12. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀, inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti wò: ẹyẹ kì í bẹ̀rù ọkọ̀ bó ṣe ń bẹ̀rù èèyàn. Omi ibí kò níyọ̀, ẹja wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òfú funfun fi ń wá. Òfú kì í kọ́ ìtẹ́ síbí. Gunnison Island, ní apá àríwá adágún, ni wọ́n ti ń pa ọmọ tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹja kankan nínú omi tó yí i ká. Ojoojúmọ́ ni òbí máa ń fò ju 30 máìlì lọ nígbà náà wá bu ẹja níbí. Ohun tí wọ́n fi ìyà yẹn rà ni ààbò, pé omi yí ìtẹ́ ká. Nígbà tí omi fà sẹ́yìn tí ilẹ̀ gbígbẹ sì so erékùṣù náà mọ́ etí, coyote, ajáko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà wọlé. Ní 2023 àwọn òfú fi erékùṣù náà sílẹ̀ pátápátá, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó òfú tó tóbi jù ní gbogbo Amẹ́ríkà ti Àríwá.

1 Oṣù Kẹwàá. Ìkórè ẹyin

Òní ni ìkórè bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin, yóò sì wà títí di 31 Oṣù Kìíní.

Jálẹ̀ ìgbà ooru, edé Artemia tí kò gùn ju mìlímítà mẹ́wàá lọ ń bí ọmọ láàyè. Nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú tí omi sì ń tutù, abo á dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin eléèpo líle, tó lè gbẹ, tó lè dì, tó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó pa. Otútù ọ̀gìnnìtìn á pa gbogbo àgbà edé. Ẹyin nìkan ló máa rí ìgbà ìrúwé.

Omi wúwo nítorí iyọ̀, ẹyin fúyẹ́, nítorí náà ó ń léfòó. Atẹ́gùn àti ìgbì á gbá a jọ ní ìlà gígùn. Láti òkè, bí epo pupa lójú ọbẹ̀ ló rí. Bàlúù kékeré ló ń wá ìlà náà, á pe ọkọ̀, ọkọ̀ á fi ọgbà tó ń léfòó (irú èyí tí wọ́n fi ń ká epo rọ̀bì mọ́ lójú òkun) yí i ká, wọ́n á sì fa gbogbo rẹ̀ wọ àpò ńlá tí omi lè jò jáde lára rẹ̀. Ìdíje ibẹ̀ gbóná, torí ìlà tí atẹ́gùn kó jọ láàárọ̀, atẹ́gùn ọ̀sán lè tú u ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi iyọ̀ ya yanrìn sọ́tọ̀, á rì. Wọ́n á fi omi aláìníyọ̀ ya èèpo òfìfo sọ́tọ̀, á léfòó. Wọ́n á gbẹ ẹ, wọ́n á sì dì í mọ́ agolo tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ń ka ẹyin inú omi jálẹ̀ ìkórè. Bí ó bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ 21 nínú lítà kan, wọ́n á ti ìkórè pa, kí irúgbìn lè kù fún ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú òfin ìpẹja tó mọ́gbọ́n dání jù tí a mọ̀ nìyẹn: iye tí a fi sílẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn iye tí a kó.

Iyọ̀ ní ààlà lókè àti nísàlẹ̀ fún edé yìí. Bó bá kọjá ìdá 17 nínú 100, agbára tí edé fi ń ti iyọ̀ jáde kúrò lára á pọ̀ ju èyí tó fi ń dàgbà lọ, ẹyin á dín kù. Bí iyọ̀ bá sì kéré jù, bíi nígbà ìkún omi láàárín ọdún 1980 sí 1989 tó lọ sísàlẹ̀ ìdá 6, kòkòrò omi tó ń jẹ edé á rí ibi gbé, ẹyin kò sì ní léfòó dáadáa. Nígbà yẹn ni ìkórè ṣí lọ sí apá àríwá. Lónìí kò sí edé tó lè gbèrú lápá àríwá.

Òǹjẹ tó ń bá èèyàn du edé náà ni eared grebe, ẹyẹ olómi kan tó kéré sí pẹ́pẹ́yẹ. Púpọ̀ jù lọ nínú irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti Àríwá ń kóra jọ síbí àti sí Mono Lake ní California ní àkókò yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ edé tó ju 25,000 lọ lóòjọ́. Ara rẹ̀ á wúwo ní ìlọ́po méjì, ẹran àyà tó fi ń fò á sì rù títí kò fi ní lè fò mọ́, kó tó tún un kọ́ nígbà tí edé bá ń kú lọ. Ewu ibẹ̀ hàn: bí edé bá tán lójijì ní Oṣù Kẹwàá, ẹyẹ tó wà lójú omi kò lè dìde lọ wá ibòmíràn.

Ẹ̀yin tí agolo náà ń dé ọwọ́ yín, bí ẹ ṣe máa lò ó rèé. Gíráàmù kan ní ẹyin tó ju 200,000 lọ, nítorí náà ẹ má bu ẹ̀kúnwọ́. Lítà omi kan, iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30, ẹyin gíráàmù 2 ó pẹ́ jù. Omi ẹ̀rọ tó ní klórínì, ẹ jẹ́ kó sùn síta mọ́jú kí ẹ tó lò ó. Ẹ gé ìdí ìgò ike, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí rọ́bà afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ẹyin tó bá jókòó síbì kan kì í pa. Ìgbóná 26 sí 28°C, kí ìmọ́lẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ní wákàtí 18 sí 24, ẹ pa afẹ́fẹ́, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá: èèpo á léfòó, ọmọ edé á kóra jọ sísàlẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fa ti ìsàlẹ̀ nìkan gba inú aṣọ, ẹ fi omi aláìníyọ̀ ṣàn án, kí ẹ fún ọmọ ẹja ní díẹ̀díẹ̀ nígbà púpọ̀. Inú omi aláìníyọ̀, ọmọ edé kì í pẹ́ kú, èyí tí ẹja kò bá jẹ á rà, á sì ba omi jẹ́.

Bí kò bá pa dáadáa, ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Agolo tí ẹ ṣí ní ìgbà òjò tí ẹ kò dè pa ti fa ọ̀rinrin. Tàbí iná lọ lóru, afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró, ọmọ edé tó ti ń jáde sì kú sínú omi. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì kò wọ́n tó agolo kan.

2 Oṣù Kẹwàá. Apá àríwá

Ẹ kún táńkì ní Tremonton tàbí Brigham City, ẹ mú táyà àfirọ́pò méjì bó bá ṣeé ṣe. Ọ̀dà parí sí Golden Spike, níbi tí ojú irin láti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ti pàdé ní 10 Oṣù Karùn-ún 1869. Láti ibẹ̀ lọ sí Rozel Point, nǹkan bí máìlì 15 ni ọ̀nà eléérún òkúta. Kò sí omi mímu, fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé.

Omi ibí pupa, bí omi zobo tí wọ́n fi wàrà sí. Kì í ṣe ilẹ̀ ló pa á láró. Iyọ̀ ibẹ̀ ti kún omi títí kò lè gbà sí i mọ́, ìdá 26 sí 28 nínú 100, ohun àìfojúrí tó fẹ́ràn iyọ̀ nìkan ló kù níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ní àwọ̀ pupa yẹn lára. Iyọ̀ ń dì sísàlẹ̀ bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì.

Ojú irin ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ní 1904 wọ́n parí ojú irin kan tó gba orí òpó igi la adágún já. Omi ń gba abẹ́ rẹ̀. Ní 1959 wọ́n fi òkìtì òkúta rọ́pò rẹ̀, adágún kan sì di méjì. Gbogbo odò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní gúúsù. Ohun tí àríwá ń rí gbà kò ju èyí tó bá gba ẹnu ihò òkìtì náà wọlé. Oòrùn á mu omi rẹ̀, iyọ̀ á kù. Ẹnu tó wà níbẹ̀ báyìí, abẹ́ afárá kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 180, ṣí ní Oṣù Kejìlá 2016. Omi fífúyẹ́ ti gúúsù ń gba òkè lọ sí àríwá, omi wíwúwo ti àríwá ń gba ìsàlẹ̀ padà wá.

Ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń dí. Òkìtì òkúta kan wà lábẹ́ afárá náà bí ẹnu ọ̀nà tó ga. Ní 2022, nígbà tí iyọ̀ gúúsù ń sún mọ́ ibi tí edé kò lè gbà, wọ́n gbé e sókè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ní Oṣù Kejì 2023, márùn-ún sí i, kí iyọ̀ àríwá má bàa padà, kí omi yìnyín tó ń bọ̀ sì dúró ní gúúsù. Yìnyín ọdún yẹn pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lọ. Gúúsù fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀ ga sókè, iyọ̀ rẹ̀ jábọ̀, edé yè. Àríwá ni wọ́n fi ra ìyẹn. Lójú tiwa, ó tọ́ fún pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tó ga kò mú omi kún odò.

Lórí ilẹ̀ iyọ̀ yìí ni Spiral Jetty wà, ìkọ́yípo òkúta dúdú tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,500 tí oníṣẹ́ ọnà Robert Smithson ṣe ní 1970. Omi bò ó lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì yọ padà ní nǹkan bí 2002. Inú omi ni wọ́n kọ́ ọ sí. Báyìí, ẹni tó bá dúró ní ìparí rẹ̀ ṣì ní láti rìn síwájú kó tó rí omi. Ẹ ṣọ́ra fún epo dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀, kì í kúrò ní bàtà.

3 Oṣù Kẹwàá. Atẹ́gùn

Atẹ́gùn gúúsù bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, a kò sì jìnnà lọ síbì kan. Irú atẹ́gùn tó máa ń ṣáájú otútù nìyí, òun ló sì ń gbé eruku Farmington Bay, apá kan lára adágún náà, dìde sí àwọn ìlú ẹsẹ̀ òkè, níbi tó ju mílíọ̀nù méjì èèyàn ń gbé. Arsenic wà nínú ẹrẹ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó yọ ló ń tú eruku. Èépá iyọ̀ ló di púpọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí èépá ojú egbò. Ibi tí èépá ti fọ́ nìkan ló ń tú. Táyà mọ́tò kan tó gba ibẹ̀ kọjá lè ṣí ojú ilẹ̀ tí yóò máa tú eruku fún ọdún mélòó kan. Nítorí náà òfin kò gba mọ́tò láyè lórí ẹrẹ̀ náà, ẹ má sì tẹ̀lé ipa táyà tí ẹ bá rí. Eruku náà tún ń bà sórí yìnyín òkè, á mú un dúdú, oòrùn á yọ́ ọ kíákíá. Ní 2022 ó fi nǹkan bí ọjọ́ 17 yá ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tó tètè yọ́, ilẹ̀ àti oòrùn ń rí àyè mu nínú rẹ̀ kó tó dé odò.

Òdìkejì adágún, ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀rọ ìfàmi ńlá mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ìjọba fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù 60 dọ́là gbé kalẹ̀ ní 1987, láti máa fa omi adágún dà nù kó má bàa bo ọ̀nà àti ojú irin. Wọ́n lò ó dé 1989.

Ọ̀sán: a fi omi tútù tó pọ̀ fọ abẹ́ ọkọ̀, pàápàá inú táyà, ibi bíréèkì àti ojú ìdè rédíétọ̀, torí iyọ̀ tó bá sùn mọ́ irin mọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A fi omi gbígbóná ṣan ìgò ìwọ̀n nígbà mẹ́ta. Nọ́ńbà ojú omi ní èbúté ti já wálẹ̀ láti àárọ̀. A kò kọ ọ́ sílẹ̀.